Ilé Sán Lẹ́yìn Ọdún 10: Ṣé Ó Ṣì Ṣeé Ṣe Láti Pe Ẹni Tó Kọ́ Ọ Lẹ́jọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ra fúláàtì tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2008. Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà náà fún un ní ọdún 6 láti pe ẹni tó kọ́ ilé náà lẹ́jọ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò bá dáa, ọjọ́ tí wọ́n parí ilé ni wọ́n sì ti ń ka ọdún náà. Ó pé ní 2014. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2017, iná jó Grenfell Tower, ilé alájà 24 kan ní North Kensington, ènìyàn 72 ló bá iná náà lọ. Ẹ̀yìn iná yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara àwọn ilé gíga wò káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà náà sì ni onífúláàtì wa yìí tó mọ̀ pé ohun tó ń gbiná kíákíá ni wọ́n fi bo ara ilé òun níta. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti pẹjọ́ ti kú fún ọdún 3 kó tó mọ̀ pé òun ní ẹjọ́ láti pè.

Àwọn tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham, Woolwich àti Thamesmead náà mọ ẹni tó kàn. Wọ́n fẹ́ ta ilé, kò ṣeé tà. Láti oṣù Kejìlá 2019, ìwé kan tí wọ́n ń pè ní EWS1, tó ń fi hàn pé wọ́n ti yẹ ara ilé níta wò bóyá ó lè tètè gbiná, ni àwọn báńkì ń bèèrè kí wọ́n tó yá ẹni tó fẹ́ ra fúláàtì lówó. Níbi tí ìwé náà kò bá sí, àwọn tó ń díye lé ilé á kọ £0 síwájú fúláàtì tí olúwa rẹ̀ ṣì ń san gbèsè rẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n tún ń dáwó san fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn yí ilé ká tọ̀sán-tòru, kí wọ́n lè máa kan ìlẹ̀kùn fáwọn tó ń sùn bí iná bá ṣẹ́ yọ. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò da sìmẹ́ǹtì kan, tí kò kan ìṣó kan mọ́ ara ilé náà.

Bí ọ̀rọ̀ ilé tó ní àléébù bá dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ọdún mélòó ni òfin fún mi?" Lójú tèmi, ìbéèrè tó le ju ìyẹn lọ ni ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún ọ̀hún. Ọdún 6 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà lọ́jọ́ tí o rí àléébù pọ̀ gan-an. Ọdún 6 kan náà, bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ti ń kà á, lè parí kí ògiri tó lanu rárá.

Kì í ṣe pé gbèdéke kò nídìí. Ẹlẹ́rìí ń kú, ìwé ń sọnù, bíríkìlà tó da dẹ́kìn lè ti kó lọ sí ìlú míì, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó dúró fún ẹnjiníà lè ti kógbá wọlé. Kò tọ́ kí a máa fa ènìyàn lọ sí kóòtù lórí iṣẹ́ tó ṣe nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé, tí kò sí ẹnikẹ́ni mọ́ tó lè sọ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ. Àwọn akọ́lé ní ẹjọ́ tiwọn láti rò níbí, mo sì gbà á fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe bàtà tí o máa wọ̀ lọ́sẹ̀ méjì kí o tó mọ̀ pé kò dáa. Àléébù ilé tó burú jù ni èyí tó ń pẹ́ jù kó tó fojú hàn.

Ẹ wo ilé tí wọ́n kọ́ sórí àbàtà, irú èyí tó pọ̀ láti Lekki lọ sí Ajah títí dé Ìbẹ̀jú. Wọ́n da yanrìn dí ojú omi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tí kò jìn tó, wọ́n to búlọ́ọ̀kù lé e. Lọ́dún àkọ́kọ́, ilé ń dán. Ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ yanrìn yẹn kò tíì ṣetán, ńṣe ló ń rọra sọ omi inú rẹ̀ nù, tó ń sún kì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù ilé, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí apá kan bá wọlẹ̀ ju ìkejì lọ, ohun tí onílé máa kọ́kọ́ rí ni pé ìlẹ̀kùn yàrá kan kò padé dáadáa mọ́. Yóò pe káfíńtà, káfíńtà á fá a. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilà tín-ín-rín kan á yọ láti igun fèrèsé, á máa gba ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù ti pàdé sọ̀ kalẹ̀ ní dágọ̀ọ́dágọ̀ọ́ bí àtẹ̀gùn. Wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì dí i, wọ́n á kun ọ̀dà lé e. Nígbà tí ilà náà bá tún yọ, tó sì gba ọmọ ìka, ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́sí ti lè lo ọdún 7 nínú ilé.

Ti irin inú dẹ́kìn tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi yanrìn oníyọ̀ po kọnkéré, tàbí tí kọnkéré tó bo irin kò nípọn tó, irin á máa dípẹtà ní kọ̀rọ̀. Irin tó dípẹtà máa ń wú. Ó máa ń ti kọnkéré jáde láti inú, títí yóò fi máa já bọ́ ní ègé-ègé láti abẹ́ dẹ́kìn. Ọdún 10, ọdún 15, ọdún 20 lè kọjá kó tó dé ibẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn lọ́yà kì í gbàgbé lórí èyí. Ní 1969, wọ́n kọ́ símínì gíga kan, ìyẹn òpó tí èéfín ń gbà jáde, sí ilé-iṣẹ́ Pirelli ní Southampton. Ohun tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin 1970, òkè símínì ti sán, ṣùgbọ́n ta ló ń gun símínì lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè? Oṣù Kọkànlá 1977 ni ilé-iṣẹ́ náà tó rí i, wọ́n sì pẹjọ́ ní 1978. Ọ̀rọ̀ dé House of Lords, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù ní ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Àwọn adájọ́ ní ẹjọ́ ti kú, pé ọjọ́ tí símínì sán ni àkókò ti bẹ̀rẹ̀, yálà ẹnikẹ́ni rí i tàbí wọn kò rí i. Lord Scarman, tó wà lára àwọn tó dá a, sọ láìfi bò pé òfin náà le, kò sì bọ́gbọ́n mu, pé iṣẹ́ àwọn aṣòfin ni láti tún un ṣe.

Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́, ní 1986. Wọ́n ní bí àléébù bá fara pamọ́, ẹni tó kàn ní ọdún 3 láti ọjọ́ tó mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní kọjá ọdún 15 lápapọ̀. Òfin tó dáa ni. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ẹjọ́ àìkíyèsára, ìyẹn ẹ̀sùn pé ẹnì kan kò ṣọ́ra tó lẹ́nu iṣẹ́, nìkan ló kàn, kò kan ẹjọ́ àdéhùn. Nígbà tó sì di 1990, House of Lords kan náà dájọ́ nínú ẹjọ́ Murphy àti ìjọba ìbílẹ̀ Brentwood pé ẹni tí ilé rẹ̀ ní àléébù kò lè lo ẹ̀sùn àìkíyèsára láti gba owó tó máa fi tún ilé náà ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn fún onílé níwájú, tí wọ́n sì tì í lẹ́yìn.

Ohun tó wá ṣẹ́ kù fún onílé ni òfin kan tí wọ́n ń pè ní Defective Premises Act, tí wọ́n ṣe ní 1972. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ilé gbígbé gbọ́dọ̀ kọ́ ọ débi tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀. Ẹni tó ra ilé náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á náà lè dúró lórí rẹ̀, kò dìgbà tó bá bá akọ́lé tọwọ́ bọ̀wé. Àmọ́ ọdún 6 láti ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ni gbèdéke rẹ̀, ìyẹn ọdún 6 tó pa ẹ̀tọ́ onífúláàtì wa lẹ́ẹ̀kan.

Ìdí nìyí tí Building Safety Act ti 2022 fi ṣe pàtàkì. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2022, ilé tí wọ́n bá parí ní England àti Wales ní ọdún 15 lábẹ́ òfin 1972 yẹn. Èyí tí wọ́n ti parí kí ọjọ́ náà tó dé ní ọdún 30. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ilé tí wọ́n parí láti oṣù Kẹfà 1992 wá, tí ẹ̀tọ́ olówó rẹ̀ ti kú tipẹ́, jí dìde. Fúláàtì 2008 tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní títí di 2038. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí aṣòfin nawọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, àwọn akọ́lé sì bínú sí i. Òfin náà gbà pé kóòtù lè da ẹjọ́ nù bí gbígbọ́ ọ bá máa tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ẹni tí wọ́n pè mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo rò pé ibi tó yẹ ni wọ́n gbé ẹrù náà lé.

Ọgbọ́n mìíràn tí òfin yìí gbọ́n ni ti ilé-iṣẹ́ tó ń pòórá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé títà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ńlá ni wọ́n ń dá kọ́ńpìnnì kékeré kan sílẹ̀ fún. Bí ilé bá ti tà tán, kọ́ńpìnnì á kú, owó á ti bọ́ sọ́wọ́ kọ́ńpìnnì ìyá. O pe òkú lẹ́jọ́, kí lo fẹ́ gbà? Ní báyìí, kóòtù lè pàṣẹ pé kí ìyá san gbèsè ọmọ. Wọ́n ti lò ó. Ní Southwark Park Road, wọ́n ṣí òrùlé ilé fúláàtì kan kí wọ́n lè kọ́ fúláàtì tuntun lé e lórí, wọn kò bò ó dáadáa, òjò sì wọlé tọ àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀. Ní 2024, adájọ́ pàṣẹ pé kọ́ńpìnnì ìyá náà wà nínú gbèsè yẹn.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ tún fi ẹsẹ̀ òfin yìí múlẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2025, nínú ẹjọ́ tí BDW pe URS. BDW ló kọ́ ilé, URS ni ẹnjiníà tó yàwòrán rẹ̀. Nígbà tí BDW rí àléébù, ó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe nígbà tí àwọn onílé kò tilẹ̀ lè pè é lẹ́jọ́ mọ́, ó wá yíjú sí ẹnjiníà pé kó san án padà. Àwọn adájọ́ ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, pé akọ́lé náà wà lára àwọn tí òfin 1972 dáàbò bò. Èyí ń ran onílé lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó wà nínú ẹjọ́ náà. Akọ́lé tó mọ̀ pé òun lè rí owó gbà padà lọ́wọ́ ẹnjiníà kò ní fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù láti tún ilé ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọdún 30 yìí wà fún ọ̀dà tó ń ṣí tàbí táìlì tó sán. Àléébù tí kò jẹ́ kí ilé ṣeé gbé ni ọ̀rọ̀ kàn. Kò sì kan Scotland, tó ní òfin tirẹ̀.

Amẹ́ríkà ń rìn lọ́nà kejì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ní gbèdéke méjì lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tó ń tẹ̀ lé ọjọ́ tí o mọ̀, àti èyí tó ń pa ẹjọ́ pátápátá bí àkókò kan bá ti kọjá, ì báà jẹ́ pé o mọ̀ tàbí o kò mọ̀. California fún àléébù tó fara pamọ́ ní ọdún 10. Florida náà wà lórí 10 tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní oṣù Kẹrin 2023 wọ́n gé e sí 7. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò ṣàkíyèsí nínú òfin tuntun Florida ni pé wọ́n tún fa ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn. Nínú àwọn ọjọ́ tí wọ́n lè ti máa kà, èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú ni wọ́n ń lò báyìí. Àwọn ará wa tó wà ní Houston àti Dallas ní láti mọ ti Texas. Láti 2023, ọdún 10 ti di 6 fún ilé gbígbé bí akọ́lé bá fún ẹni tó rà á ní ìwé ìdánilójú tó dá iṣẹ́ ọwọ́ lójú fún ọdún 1, páìpù àti iná fún ọdún 2, òpó àti ìpìlẹ̀ fún ọdún 6. Ìwé tó dà bí ẹ̀bùn yẹn ló ń gé ọdún 4 kúrò nínú ẹ̀tọ́ rẹ. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Florida yìí kan náà ni Champlain Towers South ti wó ní Surfside ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 2021, tí ènìyàn 98 kú. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ́ ọ. Owó tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là ni wọ́n san fún àwọn tó fara gbá a, àmọ́ kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọ ní 1981 ni owó náà ti wá.

Nàìjíríà wá ńkọ́? Òfin gbèdéke ti ìpínlẹ̀ Èkó fún ẹjọ́ àdéhùn ní ọdún 6, ó fún ẹjọ́ àìkíyèsára tó ba ilé jẹ́ náà ní ọdún 6. Àfikún tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1986 kò kan ilé ẹjọ́ wa, ti 2022 kò sì kàn wá rárá. Ọ̀nà tí kóòtù ń gbà ṣírò rẹ̀ rọrùn, ó sì le. Láti ìgbà ẹjọ́ Egbe àti Adefarasin ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà láwọn ọdún 1980, ńṣe ni adájọ́ máa wo ìwé tí ìwọ fúnra rẹ fi pẹjọ́, yóò wá ọjọ́ tí o sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, yóò fi í wé ọjọ́ tí o gbé ẹjọ́ wá. Bí àlàfo àárín wọn bá ju gbèdéke lọ, kò ní gbọ́ bí ògiri ṣe sán.

Ẹnu ọ̀nà tó kù ni ti ẹ̀tàn. Bí akọ́lé bá mọ ohun tó ṣe, tó sì fi pa mọ́, àkókò kò ní bẹ̀rẹ̀ títí o fi mọ̀, tàbí títí di ìgbà tó yẹ kí o ti mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Lord Denning dá ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Àwọn akọ́lé kan kọ́ ilé sórí kòtò tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí tẹ́lẹ̀, wọn kò sọ fún ẹni tó rà á, ilé sì sán ní 1968. Wọ́n sá sábẹ́ gbèdéke, Denning ní kò sáyè: wọ́n mọ ohun tó wà lábẹ́ ilé, wọ́n sì panu mọ́. Bí wọ́n bá fi yanrìn bo ààtàn tàbí odò ní Èkó tí wọ́n sì tà á fún ọ bí ilẹ̀ gbígbẹ, ibẹ̀ ni kí lọ́yà rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń pa àwọn ènìyàn wa jù, bí mo ṣe rí i, ni sùúrù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Akọ́lé á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, ẹ jẹ́ kí òjò lọ ná, a máa wá tún un ṣe." Òjò á lọ, òjò míì á dé. Pásítọ̀ tàbí àgbà ẹbí á dá sí i, wọ́n á tún fún un lóṣù mẹ́ta. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀ ní 1994, nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC, pé ìjíròrò láti yanjú ọ̀rọ̀ kì í dá àkókò dúró. Ẹ lè máa bá ìjíròrò yín lọ, ṣùgbọ́n kí lọ́yà fi ìwé ẹjọ́ sí kóòtù ná.

Àwọn tó wà lókè òkun tún ní ìṣòro tiwọn. Ẹnì kan ń rán owó láti Manchester, wọ́n kọ́ ilé sí Ìbẹ̀jú tàbí Ìbàdàn, àbúrò gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n ti í pa. Ọdún 5 lẹ́yìn náà ni onílé wá sùn níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà Kérésìmesì. Pé o kò sí nílé kò dá àkókò dúró fún ọ, ilé tó wà ní títì ń lo ọdún rẹ̀ lọ. Ẹ rán ẹnjiníà tí kò bá akọ́lé náà tan lọ wò ó lọ́dọọdún, kó ya àwòrán, kó kọ ọjọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i.

Ìjọba náà ńkọ́, tó fọwọ́ sí àwòrán ilé, tó sì yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ń bá Public Officers Protection Act pàdé, oṣù 3 péré ló sì fúnni. Oṣù 3, lórí ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ àléébù rẹ̀ kí ọdún mélòó kan tó kọjá. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní 40, gbogbo ayé gbọ́, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ilé tó kàn ń sán díẹ̀díẹ̀ lórí ìdílé kan ní Àgbàdo kò ní ìgbìmọ̀ kankan. Òfin gbèdéke nìkan ló ní, òfin náà kò sì rí tirẹ̀ rò.

Nínú ìwé àdéhùn ni èèyàn ti lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn yóò tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe láàárín oṣù 6 tàbí 12, àwọn onílé kan sì rò pé bí oṣù yẹn bá ti pé, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Oṣù náà kàn wà fún kí agbaṣẹ́ṣe padà wá tún iṣẹ́ ṣe ni, ẹ̀tọ́ láti pè é lẹ́jọ́ ṣì wà títí gbèdéke òfin á fi pé. Ẹ ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé akọ́lé yóò san òfò èyíkéyìí tó bá ti ara àléébù ìpìlẹ̀ àti òpó wá fún ọdún 10, kí àwọn tó ni kọ́ńpìnnì náà sì fi orúkọ ara wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Akọ́lé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní sá fún un.

Ìwé òfin gbèdéke yìí kò sí lọ́wọ́ Àbújá. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é, Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ lè yí tiwọn padà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ọdún 3 láti ọjọ́ tí onílé mọ̀, ọdún 15 lápapọ̀, fún àléébù tó fara pamọ́. Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ní ìparí 2020, ìparí 2026 ni ọdún 6 tirẹ̀ ń pé. Kó pe lọ́yà, kó sì ní kí Lagos State Materials Testing Laboratory wá yẹ kọnkéré rẹ̀ wò, kó tó pe bíríkìlà tó máa fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó sán.